Ẹ̀rọ dé tán, àríyànjiyàn rẹfirí kò tán: Ibi tí agbára VAR mọ

Ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 2000, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ta ọ̀mì góólù méjì sí méjì nínú àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, l'Ékòó. Pẹnáritì ni wọ́n fi mọ ẹni tó borí. Bọ́ọ̀lù tí Victor Ikpeba gbá lu irin òkè, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó sì ta padà jáde. Rẹfirí ní kì í ṣe góólù. Bí Kamẹrúùnù ṣe fi 4-3 gba ife lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fi hàn pé bọ́ọ̀lù náà wọlé.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Frank Lampard, ọmọ ilẹ̀ England, nígbà tí wọ́n ń bá Jámánì gbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2010. Ní 2012, IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé, fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ìlà tán, aago ọwọ́ rẹfirí yóò sọ fún un lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni VAR, tó wọ ìwé òfin lọ́dún 2018. Àwọn rẹfirí mìíràn ni yóò jókòó ti fídíò, tí wọn yóò máa wo eré náà. Ohun mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọ́n láyè láti yẹ̀ wò: góólù, pẹnáritì, káàdì pupa tààrà, àti bí rẹfirí bá fìyà ẹnìkan jẹ ẹlòmíràn. Àṣìṣe náà gbọ́dọ̀ hàn kedere kí wọ́n tó dá sí i, rẹfirí orí pápá ló sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ní St. Petersburg, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ọ̀mì péré ni Nàìjíríà nílò lọ́wọ́ Ajẹntínà láti tẹ̀ síwájú. Ayò wà ní 1-1 nígbà tí Marcos Rojo fi orí kan bọ́ọ̀lù níwájú ilé wọn, tí bọ́ọ̀lù náà sì ba apá rẹ̀. Rẹfirí Cüneyt Çakır, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, sáré lọ wo fídíò, ó ní kì í ṣe pẹnáritì. Kò pẹ́ tí Rojo kan náà gbá góólù kejì wọlé, Nàìjíríà sì di èrò ilé.

Ní 2000, rẹfirí kò ní fídíò tí yóò wò. Ní 2018, ó wò ó, síbẹ̀ ariwo kò tán. Ìdí ni pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún bóyá bọ́ọ̀lù kọjá ìlà; ẹ̀rọ lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ó yẹ kí apá wà níbi tí ó wà, ìdájọ́ ọmọ ènìyàn nìyẹn. Kámẹ́rà lè fi ibi tí bọ́ọ̀lù bà hàn, kò lè dá ẹjọ́ náà.

Nítorí náà, àlàyé ni òǹwòran lè béèrè fún. FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é: níbi ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn obìnrin ti 2023, rẹfirí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ìdájọ́ rẹ̀ sétí gbogbo pápá lẹ́yìn tí ó bá wo fídíò tán. Ẹni tí ẹjọ́ dá lẹ́bi kò ní ṣàì kùn, ṣùgbọ́n yóò mọ ìdí tí wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀.