Ẹ fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù ní Ouagadougou? Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wo ọ̀dà ara rẹ̀

Píkọ́ọ̀pù àlòkù lè wà lẹ́bàá títì ní Ouagadougou, kí ara rẹ̀ máa dán, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa dún dáadáa, síbẹ̀ kí irin tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró ti jẹ tán lábẹ́.

Irin náà ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ṣàsí. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn tó ń sọ èdè Faransé ní Burkina Faso ń pè é, nítorí náà èdè kọ́ ni yóò dí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń ná ọkọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rárá. Wọn yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn yóò tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, wọn yóò tapá sí táyà, wọn yóò sì kówó kalẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ ṣeé pààrọ̀. Gíábọ́ọ̀sì náà ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣàsí bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà Bobo-Dioulasso nígbà tí àpò ìrẹsì kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ kò ní gbọ́ ti ọwọ́ awakọ̀ mọ́.

Ibo ni ìdógùn-ún ti wá nílùú tí kò sí òkun?

Burkina Faso kò ní etíkun. Láti oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹrin, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Ouagadougou, ọyẹ́ ló máa ń fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ oṣù yìí. Irin kì í tètè dógùn-ún níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń jẹ ṣàsí níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àjèjì: inú ọkọ̀ ló bá wọ̀lú.

Tòkunbọ̀ ni àwa ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ kan náà tí à ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun. Àwọn ará Burkina Faso ń pè é ní "France au revoir", ìyẹn ni pé 'Faransé, ó dàbọ̀.' Èbúté Lomé, Cotonou, Tema tàbí Abidjan ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà wọlé. Láti Lomé nìkan, ó kù díẹ̀ kí ọ̀nà náà pé 1,000 kìlómítà kó tó dé Ouagadougou.

Ìjábọ̀ tí àjọ UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé jáde lọ́dún 2020 sọ pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè láàárín ọdún 2015 sí 2018. Áfíríkà ló gba ìpín tó pọ̀ jù nínú wọn.

Iyọ̀ ni ọ̀tá ṣàsí lọ́hùn-ún. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà yóò pò mọ́ omi, táyà yóò ta á sábẹ́ ọkọ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ irin. Omi lásán náà ń mú irin dógùn-ún, ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ yára jù ú lọ dáadáa. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní Michigan tàbí New York ti wẹ̀ nínú omi iyọ̀ fún ìgbà òtútù mẹ́wàá gbáko.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ olórúkọ kò lè jìyà yìí. Lọ́dún 2008, Toyota fi kún àkókò tó fi ń dúró fún ṣàsí àwọn Tacoma tó ṣe láàárín ọdún 1995 sí 2000, ó sọ ọ́ di ọdún 15, ó sì ra àwọn tó ti jẹ kọjá àtúnṣe padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Nígbà tó di ọdún 2016, iléeṣẹ́ náà tún gbà láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ṣàsí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ Tacoma, Tundra àti Sequoia. Wọ́n ṣírò iye tó lè ná an sí bílíọ̀nù 3.4 dọ́là.

Hilux ló pọ̀ jù ní Ouagadougou. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Tacoma tàbí Tundra níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀.

Ilẹ̀ pupa ń ṣi ojú lọ́nà

Eruku Ouagadougou pupa, ó sì ń bo abẹ́ gbogbo ọkọ̀. Ìdógùn-ún náà pupa. Ẹni tó bá kàn yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ lè sá fún èyí tó dára, kó sì ra èyí tó ti jẹ, torí pé àwọ̀ kan náà ló rí.

Irin tó wà nínú ilẹ̀ náà gan-an ló mú un pupa bẹ́ẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé orílẹ̀-èdè yìí ni àwọn ibi ìyọ́rin àtijọ́ tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé lọ́dún 2019 wà. Èyí tó wà ní Douroula ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fọ abẹ́ ọkọ̀ náà kí ẹ tó wò ó. Owó fífọ ọkọ̀ kò tó nǹkan. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, ẹ béèrè ìdí. Bí kò bá sí omi nítòsí, ẹ fi àkísà tútù nù ún: eruku yóò kúrò, ìdógùn-ún kò ní kúrò.

Báwo ni ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré àti sukurudúráífà tó le dání. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ síbi tí wọ́n ti gbẹ́ ihò tí mẹkáníìkì ń dúró sí. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, bó ti wù kí ọlọ́jà fọkàn yín balẹ̀ tó.

Ṣàsí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù kì í ṣe irin tó dì gbagidi. Ó dà bí àpótí gígùn tó ṣófo nínú, tí ihò kéékèèké wà lára rẹ̀. Omi àti ẹrẹ̀ ń gba ojú ihò yẹn wọlé, wọn kì í sì tètè jáde. Inú lọ́hùn-ún ni irin ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, tí ìta rẹ̀ yóò sì dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú àwọn ihò náà. Bí ẹ bá rí èérún irin tó ń ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìdógùn-ún ojú lásán.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó pé máa ń dún ketekete. Èyí tó ti jẹ máa ń dún bí ẹni ń lu páálí. Níbi tí ohùn bá ti yí padà, ẹ fi ẹnu sukurudúráífà tì í. Bó bá wọlé, ẹ dìde, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù: ibi tí sípíríìnì ti so mọ́ ṣàsí, ibi tí ṣàsí ti gòkè kọjá lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ táǹkì epo, àti irin ìdábùú tó gbé táyà àfikún. Lọ́dún 2009, Toyota pe nǹkan bíi 110,000 Tundra ọdún 2000 sí 2003 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé irin ìdábùú yìí lè jẹ débi tí táyà àfikún yóò fi já bọ́ sójú títì. Ẹ wo páìpù bíréèkì tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣàsí kọjá pẹ̀lú.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ilé awakọ̀ àti agbọ̀n ẹ̀yìn. Ó yẹ kó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òkè bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, tàbí tí ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, ó ṣeé ṣe kí ṣàsí ti máa tẹ̀.

Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ tó ti pé ogún ọdún tún yẹ kó kọ yín lóminú. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti lu òòlù dáadáa.

Ìdógùn-ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú irin nìkan kò burú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkọ̀ àgbà tí kò ní in. Ẹ lè fi bùrọ́ọ̀ṣì irin ha á kúrò, kí ẹ sì kùn ún. Ẹ kàn fi dín iye owó náà kù.

"A ó jó o pọ̀ fún yín"

Ọlọ́jà lè sọ pé wẹ́dà yóò lẹ irin mọ́ ojú ihò náà. Àwọn wẹ́dà Ouagadougou mọṣẹ́, àìmọṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro. Bí irin tó yí ihò ká bá ti fẹ́lẹ́, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ kò ní já, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò ya nígbà tí ẹrù bá wúwo. Ìdógùn-ún inú lọ́hùn-ún kò sì ní tìtorí pé wọ́n bò ó dáwọ́ jíjẹ dúró.

Ní tèmi, píkọ́ọ̀pù tí àjọ kan tàbí iléeṣẹ́ ìjọba ti lò ní Ouagadougou láti ìgbà tó ti wà ní tuntun, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí àga rẹ̀ ti ya, wù mí ju èyí tó ń dán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti etíkun dé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣàsí rẹ̀ kò mọ iyọ̀.

Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ọlọ́jà. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un yálà ẹ ra ọkọ̀ náà tàbí ẹ kò rà á, kó má baà máa wá bí yóò ṣe rà kó lè rówó gbà.

Ìwé àyẹ̀wò láti CCVA, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní Burkina Faso, kò fi hàn pé ẹ kò nílò òòlù yín. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ṣàsí wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní "carte grise". Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, apá ọ̀tún níwájú, nítòsí táyà, ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Bí méjèèjì kò bá bára mu, bóyá wọ́n ti fi ṣàsí ọkọ̀ mìíràn rọ́pò tàtijọ́ ni. Ẹ béèrè ìwé ọkọ̀ kejì náà kí ẹ tó sanwó.