Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Mọ́tò nínú orin wa

Ayọ́kẹ́lẹ́! Orúkọ tá a fún ọkọ̀ yìí gan-an, oríkì ni: ohun tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lóde àríyá jùjú, olórin á ki olówó tán, á wá fi mọ́tò rẹ̀ dé e ládé.

Àmọ́ ní 1972, Fela, olórin Afrobeat, gbé "Go Slow" (ìyẹn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀) jáde nínú àwo Roforofo Fight. Lọ́rí ló wà níwájú rẹ, típà wà lẹ́yìn, alùpùpù lápá òsì, takisí lápá ọ̀tún. O gbójú sókè, hẹlikópítà ló tún wà lókè! Fela ní o ti wà ní àtìmọ́lé nìyẹn. (Nínú mọ́tò tó o fowó ara rẹ rà o!)

Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà. Nígbà tí wọ́n san owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ní 1975, mọ́tò tún pọ̀ sí i, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá dẹrù jẹ̀jẹ̀ l'Ékòó. Ní 1977, ìjọba fi nọ́ńbà ọkọ̀ pín ọjọ́: àwọn kan jáde lónìí, àwọn yòókù di ọ̀la.

Kí làwọn olówó ṣe? Wọ́n ra mọ́tò kejì.