Taya bẹ́: ṣé afẹ́fẹ́ àpọ̀jù ni, àbí afẹ́fẹ́ tí kò tó?

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn rédíò ní Ìlọrin ti mọ bó ṣe máa ń lọ. Bọ́ọ̀sì elérò ń bọ̀ láti Jẹ́bà, tàbí ó dorí kọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó dé ìtòsí Bódè Sáàdù tàbí Èyẹnkọrin, ó yí gbirigbiri wọ igbó, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó (FRSC) sì sọ fáwọn oníròyìn pé taya ló bẹ́. Nínú àkọsílẹ̀ àjọ náà, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́: TBT. Àwọn tó gbọ́ á mí kanlẹ̀. Àwọn kan á ní kádàrá ni. Àwọn mìíràn á ní oòrùn ló mú, afẹ́fẹ́ inú taya ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ìgbàgbọ́ tó ń pa èèyàn ni.

Ẹ lọ jókòó sí ìdí fókanáísà ní Gáréèjì Ọ̀fà lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru Ìlọrin máa ń kọjá 35 lórí ìwọ̀n Celsius, tí ọ̀dà ojú títì sì lè gbóná tó 60. Awakọ̀ kan á yà síbẹ̀. "Ẹ bá mi dín gejì yẹn kù o, oòrùn yìí ti pọ̀ jù, kó má lọ bẹ́ fún mi lọ́nà." Fókanáísà á ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Àlájì." Á ki gejì bọ ẹnu fáàfù, yóò rí 36 lórí ìwọ̀n psi, á tẹ pínnì àárín fáàfù náà, afẹ́fẹ́ á máa jáde títí yóò fi kù sí 30. Àwọn méjèèjì ló gbà pé àwọn ti ṣe ohun tó tọ́.

Ṣùgbọ́n 36 tó rí yẹn kì í ṣe àpọ̀jù. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń ràn, bí ooru inú taya bá sì ti fi bí ìwọ̀n Celsius mẹ́fà lọ sókè, gejì á fi nǹkan bí ẹyọ kan gòkè. Taya tó jẹ́ 32 láàárọ̀ lè di 36 lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ lórí títì tó gbóná. Àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iye tí wọ́n kọ sára ìwé pélébé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ fi jẹ́ ti taya tó tutù, èyí tí wọn kò tíì wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí fókanáísà bá jò ó wálẹ̀ sí 30 nígbà tó gbóná, tí ọkọ̀ sun ilé mọ́jú, 26 ni Àlájì máa gbé jáde lọ́jọ́ kejì.

Kí ni 26 yẹn ń ṣe? Apá ibi tí taya bá ti fara kan ilẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀, bó bá sì ti yí kúrò nílẹ̀, á tún nà. Yíká taya ọkọ̀ kékeré kò ju nǹkan bíi mítà méjì lọ. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń yí nígbà mẹ́rìnlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí 50,000 ìgbà ní wákàtí. Ẹni tó bá tẹ wáyà síwá sẹ́yìn lemọ́lemọ́ mọ̀ pé ojú ibẹ̀ máa ń gbóná kó tó já. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe kéré tó ni ẹ̀gbẹ́ taya ṣe ń tẹ̀ wọlé tó, bó bá sì ṣe ń tẹ̀ tó ni ooru ṣe ń pọ̀ tó. Oòrùn kàn ń bù kún ooru tí taya ń fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni. Nígbà tó bá yá, rọ́bà àti àwọn wáyà irin tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jára wọn sílẹ̀, títí awọ ojú taya á fi ṣí kúrò tàbí kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fàya. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù á rọ́nà jáde pẹ̀lú ariwo ńlá. Ariwo yẹn làwọn èèyàn ń gbọ́ tí wọ́n fi ń ní afẹ́fẹ́ ló pọ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn fókanáísà fúnra wọn. Bí wọ́n bá tú taya tó ti rìn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò tó kúrò lára ríìmù, wọ́n sábà máa ń bá lẹ́búlẹ́bú rọ́bà dúdú nínú rẹ̀, àti ilà kan tó yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ po níbi tó ti ń tẹ̀. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n dà nù, wọ́n á lẹ ojú ibi tó jò, wọ́n á sì dá a padà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Taya bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tún rí ojú títì mọ́.

Afẹ́fẹ́ àpọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀, n kò sọ pé kò ní. Ó ń jẹ àárín taya, kì í jẹ́ kó dimọ́ ilẹ̀ dáadáa, kòtò sì máa ń tètè là á. Àmọ́ taya tó lera kì í ṣe ohun tí gejì 36 lè fọ́. Lára ọ̀pọ̀ taya, ẹ ó rí 44 tàbí 51 gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tó lè gbà. (Òpin ni o, ẹ má fẹ́ ẹ dé ibẹ̀.)

Àkọsílẹ̀ tó ṣe kedere jù lọ nípa ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti mọ́tò rárá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991, bàálù DC-8 kan tí Nigeria Airways háyà lọ́wọ́ Nationair ti Kánádà gbéra ní Jẹ́dà, ó ń kó àwọn tó lọ ṣe Hajj padà sí Ṣókótó. Kó tó gbéra, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti rí i pé afẹ́fẹ́ taya kò tó. Gáàsì náítírójìn ni wọ́n ń fẹ́ sínú taya bàálù, kò sì sí nítòsí. Ẹni tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀ kò fẹ́ kí ìrìn àjò náà falẹ̀, ó ní kó máa lọ. Taya tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó kò lè gbé ẹrù tirẹ̀, ló bá di ẹrù èkejì tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí bàálù ṣe ń sáré láti gbéra, èyí tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn bẹ́, èkejì tẹ̀ lé e, wíìlì há, ó ń ha ilẹ̀, iná sì sọ. Wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù sínú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, iná bá a wọlé. Wọ́n ṣẹ́rí padà, ṣùgbọ́n wọn kò dé pápákọ̀. Gbogbo 261 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹnì kan ti rí i pé kò tó.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, gejì 26 bíi ti Àlájì tún jáde, lórí taya mọ́tò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, Firestone pe taya 6.5 mílíọ̀nù padà ní Amẹ́ríkà. Awọ wọn ń ṣí lórí eré, ọkọ̀ Ford Explorer ń gbókìtì, àwọn tó kú lé ní 200, àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná bíi Texas àti Florida ló sì ti wọ́pọ̀. Ìwádìí ìjọba rí àbùkù lára taya náà. Ṣùgbọ́n gejì 26 tí Ford ní kí wọ́n máa lò di àríyànjiyàn ńlá, Firestone ní 30 ló yẹ. Òfin tó tìdí rẹ̀ jáde ló mú kí gbogbo mọ́tò tuntun níbẹ̀ ní iná ìkìlọ̀ afẹ́fẹ́ taya láti ọdún 2007. Iná òfeefèé yẹn wà níwájú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń wà ní Ìlọrin. Ó ti ń tàn látìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀, nítorí pé bátìrì sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú, ẹni tó ń wà á kò sì kà á sí mọ́.

Ẹrù ní tiwa tún ń dá kún un. Taya 195/65 R15 tó wọ́pọ̀ máa ń ní 91 lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 615 kìlógíráàmù lòpin ohun tí ọ̀kan lè gbé, bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá pé. Bọ́ọ̀sì tó kó iṣu àti èédú láti ìhà Kaiama, tí èrò tún kún inú rẹ̀, kò ní àyè fún àṣìṣe kankan.

Nígbà tí Mínísítà James Ocholi kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá ní ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2016, FRSC ní taya ẹ̀yìn ló bẹ́, eré náà sì pọ̀. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ TBT ṣe rí, ohun méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń pàdé. Àmọ́ ó ṣòro láti fi ojú lásán mọ̀ bóyá taya bẹ́ kí ọkọ̀ tó yí, tàbí ìgbà tó yí ló bẹ́. Lérò tèmi, afẹ́fẹ́ tí kò tó wà nídìí ọ̀pọ̀ jàǹbá tí à ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru oòrùn.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára taya ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin ni FRSC àti SON, àjọ tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà, fi sí i fún wa. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ka kíkó taya ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ti lò wọ̀lú léèwọ̀, síbẹ̀ tòkunbọ̀ ló kún ẹ̀gbẹ́ títì. Láti ìgbà tí Michelin ti ti iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, tí Dunlop sì dáwọ́ taya ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, òkè òkun ni à ń dúró dè. SON sì ti gbẹ́sẹ̀ lé àwọn taya kan tí wọ́n ki bọnú ara wọn kí ẹrù lè pọ̀. Irú kíkì bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe wáyà inú taya léṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

N kò rò pé awakọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó ra taya tuntun máa ra á lọ́la nítorí ìkìlọ̀. Ohun tó ṣeé ṣe kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹgbẹ́ awakọ̀ ra gejì tó péye sí ibùdókọ̀ Máràbá, kí wọ́n wọn taya bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ìdájí kó tó gba èrò, nígbà tó ṣì tutù, kí ẹnikẹ́ni má sì jò ó sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà lórí ọkọ̀ kan.