Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ese Ukpeseraye àti kẹ̀kẹ́ àyálò

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, nígbà tí ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà wá sí Abẹ́òkúta ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti eré sísá ló kún ẹnu ọ̀pọ̀ wa. Lónìí, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere díje.

Ese Lovina Ukpeseraye ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó díje nínú eré kẹ̀kẹ́ orí pápá ní Òlíḿpíìkì, ní Paris, oṣù kẹjọ ọdún 2024. Eré ojú títì ló tìtorí ẹ̀ lọ. Àfi bí àyè ṣe ṣàdédé ṣí sílẹ̀ fún un lórí pápá, kò sì ní kẹ̀kẹ́ tó yẹ. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kẹ̀kẹ́ ṣáà ni kẹ̀kẹ́ o. Ti orí pápá kò ní bíréèkì rárá, jíà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, bí táyà ẹ̀yìn bá sì ń yí, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró. Ẹni tó bá gbé e sọ̀kalẹ̀ láti Òkè-Ìléwó, orí ló máa yọ ọ́! Nínú ọ̀kan lára àwọn eré orí pápá yìí, tí wọ́n ń pè ní keirin, alùpùpù kékeré kan ló ń ṣáájú àwọn tó ń díje. Tó bá ku yípo mẹ́ta, á yà kúrò, eré gidi á wá bẹ̀rẹ̀.

Ese kò gba àmì-ẹ̀yẹ. Lójú tèmi, ó ṣe bẹbẹ.

Ọdún yẹn kan náà ni Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó borí nínú ìpele kan ní Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé. Ìpele mẹ́ta ló gbà, pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba máàkì jù lọ.