Ìjánu Tó Yẹ Ọkọ̀: Ti Pápá Ìdíje Kì Í Ṣe Ti Ojú Títì

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọmọ àbúrò mi kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní Kétu. Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, ó ti ra pilakẹ́ẹ̀tì tuntun fún ìjánu ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé irú èyí tí àwọn òyìnbó ń lò fún ọkọ̀ ìdíje eré sísá ni. Inú ọmọ náà dùn. Ó ní, bí ó bá lè dá ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 250 ní wákàtí kan dúró, kí ni yóò ṣòro fún un lára ọkọ̀ tòun?

Kò tíì rìn jìnnà sí ilé tí ìyá kan tí ó pọn ọmọ fi sọdá títì níwájú rẹ̀. Ó tẹ ìjánu. Ọkọ̀ kò dúró bí ó ti máa ń dúró tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni ó ń yọ̀ lọ síwájú. Ó fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì ya ọkọ̀ náà wọ inú koríko. Orí yọ ìyá àti ọmọ. Nígbà tí ó padà délé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Bàbá, ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?"

Ayédèrú kọ́. A yẹ̀ ẹ́ wò, ojúlówó ni. Ibi tí a lò ó sí ni kò yẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ń wakọ̀ àti gbogbo ẹni tí ń wọkọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò láti ìpìlẹ̀.

Bí ìjánu ṣe ń dá ọkọ̀ dúró

Lẹ́yìn táyà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwo irin kan wà tí ń yí pẹ̀lú táyà. Ohun kan tí ó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ há àwo náà lápá méjèèjì. Nínú ẹ̀mú yìí ni pilakẹ́ẹ̀tì méjì wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní páàdì. Bí awakọ̀ bá tẹ ìjánu, òróró inú páìpù yóò ti ẹ̀mú náà, ẹ̀mú yóò sì fún àwo mọ́ àárín pilakẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Bí wọ́n ti ń ha ara wọn, eré ọkọ̀ ń dín kù.

Ṣùgbọ́n eré tí ó dín kù yìí kò ṣègbé. Ó di ooru. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì ra ara wọn kíákíá, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára. Bí ọkọ̀ tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 1000 bá ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, tí a sì tẹ ìjánu títí ó fi dúró, ooru tí yóò jáde lára ìjánu rẹ̀ tó láti mú kí omi tí ó lé ní lítà kan hó. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí a tẹ ìjánu nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà níbẹ̀. Bí ẹrù ọkọ̀ bá mú kí ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ooru ìjánu yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn kí ó tó dúró yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 50, tí ó lè dúró ní nǹkan bíi mítà 14 lórí títì gbígbẹ, yóò gba nǹkan bíi mítà 56 bí ó bá ń sáré 100. A kò tíì ka ọ̀nà tí ó rìn kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan ìjánu.

Ohun tí a rí kọ́ ní Le Mans

Ní ìlú Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1923 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ọkọ̀ tí ń gba wákàtí 24, tọ̀sán tòru. Láyé ìgbà yẹn, ìjánu ọkọ̀ kò ní àwo. Ohun tí ó dà bí ìlù ni, tí a bò, tí ooru sì máa ń há sínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ léraléra, agbára rẹ̀ a máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ní oṣù Òkúdù ọdún 1953, ilé iṣẹ́ Jaguar ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ wá tí ó ní àwo ìjánu, èyí tí ilé iṣẹ́ Dunlop ṣe. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àwo náà, kì í sì í tètè gbóná jù. Tony Rolt àti Duncan Hamilton ni wọ́n wà á, àwọn ni wọ́n sì gba ipò kìíní. Eré tí wọ́n sá, bí a bá pín in dọ́gba, lé ní kìlómítà 170 ní wákàtí kan. Kò sí ẹni tí ó sáré tó bẹ́ẹ̀ borí níbẹ̀ rí. Wọ́n lè pẹ́ lórí eré kí wọ́n tó tẹ ìjánu, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò mú.

Ní ọdún 1955, Citroën fi ọkọ̀ DS hàn ní Paris. Ó ní àwo ìjánu níwájú. Lónìí, ó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń rìn láàárín wa. Báyìí ni ohun rere ṣe ti pápá ìdíje wá sí ojú títì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun pápá ni títì lè gbà. Ìjánu ọkọ̀ Formula 1 jẹ́ ti káábọ̀ǹ. Bí kò bá gbóná tó nǹkan bíi dígírì 400, kì í mú dáadáa. Ó sì lè gbóná dé dígírì 1000, tí àwo rẹ̀ yóò pọ́n bí ẹyin iná. Ta ni yóò máa yáná sí ìjánu bẹ́ẹ̀ kí ó tó lọ sí ọjà?

Oríṣi pilakẹ́ẹ̀tì mẹ́rin

Ekìíní ni èyí tí wọ́n fi okùn wẹ́wẹ́, rọ́bà àti oje tí ń lẹ nǹkan pọ̀ ṣe. Ó rọ̀, kì í pariwo, kì í pa àwo lára, ó sì ń mú láti ìgbà tí ó bá tutù. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹ tán, kò sì fẹ́ràn ooru líle.

Ekejì ni èyí tí wọ́n po ẹ̀rún irin mọ́. Ó fara da ooru ju ti ìṣáájú lọ, ó sì dára fún ọkọ̀ tí ń ru ẹrù. Ó lè máa dún, eruku dúdú rẹ̀ pọ̀, ó sì ń jẹ àwo díẹ̀díẹ̀.

Ẹkẹta ni ti seramíìkì. Ó dákẹ́, eruku rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń pẹ́. Ó wọ́n díẹ̀. Ọ̀bẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Síbẹ̀, iṣẹ́ ojú títì ni a ṣe é fún, kì í ṣe ìdíje.

Ẹkẹrin ni ti pápá ìdíje. Ó ń fara da ooru gíga. Níbi tí àwọn mẹ́ta ìyókù yóò ti juwọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni agbára tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, kì í mú dáadáa. Ó ń pariwo, ó sì ń jẹ àwo bí ayùn. Èyí ni ọmọ àbúrò mi rà. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ìjánu rẹ̀ tutù bí òkúta inú odò.

Èwo ni kí ẹ yàn?

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni mo ń rìn? Ẹrù wo ni mo ń rù? Báwo ni mo ṣe ń sáré?

Ẹni tí ń rìn láàárín ìlú, ní Porto-Novo tàbí Kutonú, oríṣi kìíní tàbí ẹkẹta tó o. Ẹni tí ń gbé èrò àti ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí ó ń gun òkè Atakora tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láàárín àpáta Alédjo ní Tógò, ekejì ni kí ó wá. Kí ó sì fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá ìjánu dá a dúró.

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ kan náà rìn ní títì, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí pápá ìdíje ńkọ́? Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn máa ń ní pilakẹ́ẹ̀tì oríṣi méjì. Bí wọ́n bá dé pápá, wọ́n á fi ti pápá sí i. Kí wọ́n tó padà sílé, wọ́n á yọ ọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Àmì tí ẹ óò wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ yí ẹ̀yìn pilakẹ́ẹ̀tì náà wò. Lára èyí tí Yúróòpù fọwọ́ sí fún títì, ẹ óò rí lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà: E1 jẹ́ ti Jámánì, E2 jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé. Ẹ óò rí 90R tàbí R90 pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ pilakẹ́ẹ̀tì ìdíje kò ní àmì yìí, nítorí a kò ṣe wọ́n fún títì.

Lára ti Amẹ́ríkà, lẹ́tà méjì ni ẹ óò rí, bíi EE, FF tàbí GG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ṣe ń mú nígbà tí kò gbóná púpọ̀. Ekejì ń sọ bí ó ṣe ń mú nígbà tí ó gbóná gan-an. G mú ju F lọ, F sì mú ju E lọ. Ẹni tí ó mọ lẹ́tà mẹ́ta yìí, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà nìkan ni yóò máa gbọ́. Èrè ìwé kíkà nìyí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á

Ẹ pààrọ̀ ti táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kí ọkọ̀ má baà ya sí apá kan. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníkì wọn àwo wò, nítorí ibi tí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín kọjá wà ní kíkọ sára rẹ̀.

Pilakẹ́ẹ̀tì tuntun kì í mọ àwo lọ́jọ́ kan. Níbi tí kò sí èrò, ẹ sáré dé kìlómítà 50, kí ẹ rọra tẹ ìjánu títí eré yóò fi kù díẹ̀, láì dúró pátápátá. Ẹ ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ sì wá máa rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ó lè tutù.

Ẹ má gbàgbé òróró ìjánu. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Òróró DOT 4 tuntun kì í hó kí ooru tó dé dígírì 230. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bíi 155. Bí ó bá hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò rì wọlẹ̀ láì rí ohun tí yóò tẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì.

Bí ohun tí ń há àwo lára pilakẹ́ẹ̀tì bá ku mílímítà mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìjánu bá sì ń ké bí irin tí ń ha irin, ẹ má ṣe dúró de ọ̀la. Ẹ̀yin mẹkáníkì, ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku ìjánu. Omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi ṣe pilakẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Láti ọdún 1997 ni ilẹ̀ Faransé ti fòfin de é.

Ọmọ àbúrò mi ti yọ pilakẹ́ẹ̀tì ìdíje náà kúrò. Èyí tí ó ní àmì E2 ni ó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti ìṣáájú. Láàárọ̀, kí ó tó jáde sí títì, ó máa ń tẹ ìjánu lẹ́ẹ̀mejì nínú àgbàlá. Mo bi í pé kí ni ó ń wò. Ó dá mi lóhùn pé: "Bàbá, mo ń rántí ìyá ọmọ yẹn ni."