Yanrìn Ló Ń Jẹ Ọ̀pá

Bí èèyàn bá gba títì Lateef Jakande wọ Àgídìngbì láàárọ̀, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé. Òórùn Bournvita ń fẹ́ wá láti ọgbà Cadbury, ilé iṣẹ́ tó ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ láti àwọn ọdún 1960. Kì í pẹ́ tí èéfín dísù fi ń gba ipò rẹ̀, nítorí tírélà pọ̀ lójú títì. Jakande tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì náà ló ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ìjọba rẹ̀ ló sì dá tẹlifíṣọ̀n LTV sílẹ̀, tí òun náà wà ní Àgídìngbì yìí. Láyé ìgbà yẹn, òrùlé páànù, fèrèsé lúfà àti ògiri búlọ́ọ̀kù ló gba àdúgbò kan. Lónìí, gíláàsì ti ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ́fíìsì o, báǹkì o, ilé ìtajà o, gbogbo wọn ló fẹ́ kí iwájú àwọn máa dán.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gíláàsì dé, èéfín ò lọ. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń tú tiẹ̀ síta, tírélà ṣì ń ru yanrìn sókè, tí ọyẹ́ bá sì dé, eruku tó gbéra láti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad á wá bà lé gbogbo rẹ̀ lórí. Òjò àkọ́rọ̀ ni yóò po wọ́n pọ̀, tí yóò fi wọ́n fa ìlà dúdú wálẹ̀ lójú fèrèsé. Níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta tí mo dúró sí yìí, ìdọ̀tí ti bo gíláàsì òkè pátápátá débi pé a ò lè mọ̀ bóyá kọ́tìnì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ni tàbí ògiri.

Àwọn tó wá fọ̀ ọ́ jẹ́ mẹ́ta, ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ méjì. Wọn ò mú àkàbà wá, wọn ò mú okùn wá. Èyí ló kọ́kọ́ ya mẹ́gáàdì ilé náà lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, báwo lẹ ṣe fẹ́ débẹ̀?"

"Bàbá, ilẹ̀ la máa dúró sí."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ibòòji, ó jókòó láti wòran. N kò dá a lẹ́bi. Ohun tí ojú Èkó mọ̀ ni ẹni tó so okùn mọ́ ìbàdí láti orí òrùlé tó ń rọ̀ dirodiro, tàbí àkàbà gígùn tí ẹnì kan ń dì mú nísàlẹ̀ tó ń gbàdúrà. Ọ̀gá wọn ní London lòun ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀pá. Níbẹ̀, òfin kan tó jáde lọ́dún 2005 lórí iṣẹ́ ibi gíga ní kí agbanisíṣẹ́ má jẹ́ kí ènìyàn gòkè níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà bá wà láti ṣe iṣẹ́ náà nílẹ̀. Òfin náà ò fi òfin de àkàbà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pá olómi ti gbilẹ̀ láàárín àwọn afọfèrèsé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tiwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ sì bá wọn kọ́ ọ.

Ọ̀pá náà dà bí eriali rédíò àtijọ́. Páìpù mẹ́fà ló wọnú ara wọn, kíláǹpù kékeré kan sì wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń dì í mú níbi tí wọ́n bá fà á dé. Rọ́bà omi tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá lọ bá búrọ́ọ̀ṣì tó wà lókè, omi sì ń jáde láti ihò kéékèèké láàárín irun búrọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá fà á tán, ó ga tó mítà 10. Ọ̀gá gbé e lé mi lọ́wọ́ nígbà tó ṣì wà ní kíká: kò tó kílò 3. Irú èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe wà, ó rọjú ní owó ṣùgbọ́n ó wúwo, tó bá sì ti tẹ̀ kò ní í nà mọ́. Ti fáíbà wà, òun náà wúwo, ó sì máa ń mì lókè. Ti káábọ́ọ̀nù lèyí: fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ dáadáa, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ pọ̀ di páìpù. Ẹni tó bá ti na ọwọ́ sókè láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán ló mọ ìdí tí wọ́n fi ń ra èyí tó wọ́n jù.

Fífúyẹ́ yẹn ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ara páìpù náà kò nípọn ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Gígùn-gígùn ni ọ̀pọ̀ fọ́nrán rẹ̀ ń lọ, nítorí náà kì í ṣẹ́ bọ̀rọ̀ tí wọ́n bá nà án sókè, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá pa á pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tán. Àbùkù ara rẹ̀ kì í sì í tètè hàn.

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ ni pé omi tí wọ́n ń lò ti mọ́ kọjá ti mímu. Iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó ohun tí yóò fi àbàwọ́n sílẹ̀ tó bá gbẹ, nítorí náà wọn kì í nu gíláàsì. Ọmọṣẹ́ kan ti mítà kékeré tó ń ka iyọ̀ inú omi bọ inú ike, ó ka 4. Tó bá fi lè kọjá 10, wọn ò ní í bẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ London máa ń sún mọ́ 300 nítorí ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ wọn. Wàhálà tiwa yàtọ̀. Omi kànga ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ibi l'Ékòó kì í ní ẹfun púpọ̀. Irin ló ní. Gbogbo onílé ló mọ̀ ọ́n: ẹ fa omi náà sínú báàkẹ́ẹ̀tì lálẹ́, ó mọ́ gaara, ẹ jí láàárọ̀, ó ti pọ́n. Atẹ́gùn ló kan irin inú rẹ̀ tó fi dípẹtà. Irin yẹn a máa dí asẹ́ tí wọ́n ń sẹ́ omi náà, ọ̀gá sì ní àfi kí òun kọ́kọ́ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i nínú táǹkì, kí òun tún gba inú yanrìn sẹ́ ẹ, kó tó kan ẹ̀rọ gidi.

Mo bi í léèrè pé kí ni èyí kan ọ̀pá. Ó ní ó kàn án púpọ̀. Tí ìpẹtà bá dí ihò búrọ́ọ̀ṣì, omi á dín kù. Tí omi bá dín kù, ìdọ̀tí ò ní í ṣí. Ọmọṣẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ti búrọ́ọ̀ṣì mọ́ gíláàsì, ọ̀pá á sì máa tẹ̀ bìrì níbi tí kò yẹ kó ti tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá tó ya lára, ó ní, táǹkì omi ló yẹ kí wọ́n ti lọ wádìí ohun tó ṣe é.

Iṣẹ́ gan-an kò ní ariwo. Wọ́n na ọ̀pá láti orí páìpù tó kéré jù, wọ́n ń ti kíláǹpù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e dúró kí wọ́n tó fà á tán, nítorí pé gbígbé e nílẹ̀ ní gígùn ló máa ń ṣẹ́ ẹ láàárín. Búrọ́ọ̀ṣì fọ férémù kí ó tó fọ gíláàsì. Omi dúdú ń ṣàn wálẹ̀, lẹ́yìn náà ó di eléérú, lẹ́yìn náà ó mọ́. Láàárín gbogbo èyí, omi ń ro tótó lára ọ̀pá wá sí ọwọ́ ẹni tó dì í mú, ó sì ń gbé yanrìn dání.

Apá ọ̀tún ilé náà ni wọn ò fi ọ̀pá dé rárá. Wáyà háí-tẹ́ńṣọ̀n 11kV kọjá lẹ́bàá ọgbà níbẹ̀, káábọ́ọ̀nù sì ń gbé iná bí alumíníọ̀mù náà ṣe ń gbé e. Máníjà ilé sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n rọra ṣe é, pé ó ṣì jìnnà. Ọ̀gá ò bá a jiyàn. "Ẹ má bínú, sà. Inú ilé la máa ti nu tibẹ̀." Ó tún sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ti fáíbà pàápàá, tó bá ti tutù tó sì ti dọ̀tí, òun ò ní í gbé e lọ sí abẹ́ wáyà.

Ìgbà tí wọ́n dúró jẹun lọ́sàn-án ni mo rí ohun tí mo wá wò. Àwọn ọmọṣẹ́ lọ ra ẹ̀wà, ọ̀gá tẹ́ tapólì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀pá. Ó bọ́ rọ́bà ìdí rẹ̀, ó fa páìpù kọ̀ọ̀kan jáde láti ìsàlẹ̀, ó tò wọ́n ní tító. Ó fi ìka kan nu inú etí páìpù tó tóbi jù, ó na ìka náà sí mi. Ohun tó wà lórí rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àtàǹpàkò rà á, yanrìn ń ha mí lọ́wọ́.

"Ibi tó ti ń kú rèé, Bọ̀dá," ó ní. "Ẹ má wòkè."

Bó ṣe ń pa á nìyí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fa páìpù jáde tí wọ́n tún tì í wọlé, yanrìn tó há sáàárín méjèèjì ń họ wọ́n. Fáníìṣì ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà káábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀. Dúdú tó wà lọ́wọ́ mi yẹn, ara ọ̀pá ló ti jẹ. Páìpù á wá máa jo nínú èkejì rẹ̀. Kíláǹpù ò ní í dì í mú mọ́ bíi tàtijọ́, ọmọṣẹ́ á mú àlẹ́ǹ kíì, á fún ìdè rẹ̀ sí i. Ó fún un lónìí, ó fún un lọ́la, títí tí kíláǹpù fi máa tẹ etí páìpù tó ti fẹ́lẹ́ náà fọ́. Wọ́n á ní ọ̀pá náà ò dáa. Ṣé ọ̀pá ni àbí àwọn?

Omi mímọ́ àti aṣọ tó rọ̀ ni ọ̀gá fi fọ páìpù, kò fi ọṣẹ, kò fi nǹkan kan pa á lára. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan ti fi gírísì kùn ún rí kó lè máa yọ̀, ọwọ́ iṣẹ́ sì sọ fún un: gírísì di yanrìn mú, kíláǹpù sì ń yọ̀ kúrò lójú páìpù. Ó tún ní òun kì í ká ọ̀pá nígbà tó bá tutù kó sùn bẹ́ẹ̀. Ní títú ni wọ́n ń gbẹ, lábẹ́ ibòòji. Oòrùn Èkó ń jẹ gọ́ọ̀mù epoxy, ojú páìpù á di funfun ṣáṣá. Rọ́bà inú rẹ̀ á gan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ní ibi tó bá ti ń ká. Àwọn tó ń so ọ̀pá mọ́ orí ọkọ̀ ní gbangba, tí gosiló sì ń dá wọn dúró láti Ògbà títí dé Àláúsá, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ti ọ̀gá yìí wà nínú páìpù PVC onínṣì mẹ́rin, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà fi ń ṣe ṣáláńgá, ó fi ìdérí dí i lójú méjèèjì, ó so ó mọ́ orí ọkọ̀. Kò sí àpò olówó ńlá láti òkè òkun tó máa dáa jù ú lọ.

Lẹ́yìn fífọ̀, ó ń tẹ́tí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ń fi kan páìpù láti ìdí dé orí, díẹ̀díẹ̀. Kọ́ìnì ni àwọn tó ń yẹ ara bàálù wò máa ń lò fún irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ta ló ń rí kọ́bọ̀ mú dání ní Nàìjíríà mọ́? Páìpù tó gbó ń dún kọ̀ǹ, kọ̀ǹ. Nígbà tó dé bí ìka mẹ́rin sí etí páìpù kejì, ìró náà yí padà, ó dún bọ̀. Mo wo ibẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i, ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ hàn, kò gùn tó èékánná. Ó ní inú ló ti ń ṣí. Kó má bàa ya sí i, ó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ó rẹ sáńpépà sínú omi, ó fi ra etí rẹ̀ títí tó fi dán. Ìbọ̀wọ́ náà kì í ṣe ti àṣehàn. Ẹ̀gún káábọ́ọ̀nù dúdú, kò ṣeé rí, ó máa ń ṣẹ́ sínú àwọ̀, eruku rẹ̀ kò sì dáa ní ṣíṣà símú. Ìyẹn náà ló fi ń fi omi rá a. Lẹ́yìn náà ló po gọ́ọ̀mù, ó fi kùn ún, ó wé tépù lé e.

Ìtúnṣe yẹn ò lè dúró pẹ́, òun náà mọ̀. Páìpù tuntun ló yẹ kó rà. Àwọn tó ń ṣe ọ̀pá gidi máa ń ta páìpù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú kíláǹpù àti rọ́bà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí níyànjú pé kó bèèrè ẹ̀yà ara rẹ̀ kó tó bèèrè iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè òkun ló ti ń wá, láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba sì ti jẹ́ kí nàìrà máa wá ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, owó páìpù kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí wọ́n ń ra odidi ọ̀pá tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe sọ. Nítorí náà ló ṣe ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí: páìpù wo ló ti jo, èwo ló ti gba tépù, kíláǹpù wo ni wọ́n fún kẹ́yìn. Páìpù ìsàlẹ̀, tí ọwọ́ kì í kúrò lára rẹ̀, ló ń gba orúkọ jù nínú ìwé náà.

Mo bi í pé kí ló máa ṣe sí èyí tó fi tépù wé yìí, ṣé ó ṣì máa gòkè. Ó ní rárá o. Láti òní lọ, kò ní í ga ju àjà kìíní lọ mọ́, kò sì ní í rí omi. Báǹkì kan wà ní títì Adéníyì Jones tí wọ́n ń bá gbọ́n jàǹkárìwọ̀ inú gbọ̀ngàn rẹ̀ lóṣooṣù. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun báyìí. Àwọn ọmọṣẹ́ ti jẹ ẹ̀wà wọn tán, wọ́n ń bọ̀. Ó pe ọ̀kan, ó ní kó fi ọ̀dà funfun kọ "ÌSÀLẸ̀ NÌKAN" sí i lára kó tó di pé ẹnì kan gbàgbé.