Aṣàwákiri Tàbí Alárinà? Àyẹ̀wò Opera Mini

"Aṣàwákiri" ni orúkọ tí àwọn atúmọ̀ èdè kan ń lò fún irinṣẹ́ tí ń gbé ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì wá sójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Orúkọ náà bá Chrome àti Firefox mu, nítorí pé àwọn wọ̀nyí fúnra wọn ni í lọ bá sáfà tí ojú-ìwé wà lórí rẹ̀. Ní ti Opera Mini, iyèméjì wà níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Opera ti ìlú Oslo ní Norway ni ó ṣe é. Ọdún 2006 ni ó dé ọwọ́ gbogbo ayé, fóònù kéékèèké tí kò lágbára ni a sì ṣe é fún. Nígbà tí ó bá wà ní ipò ìfúnpọ̀ tí ó le jù, fóònù kì í lọ bá ojú-ìwé rárá. Sáfà Opera ni ó ń rán níṣẹ́. Sáfà yìí ni yóò mú ojú-ìwé wá, tí yóò fún un pọ̀, kí ó tó fi í ránṣẹ́. Kò ní ṣòro fún ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ṣe púpurù ní Àyèká, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, láti lóye èyí: ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a sì fi òkúta tẹ omi rẹ̀ dànù, fúyẹ́ ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lóko lọ. Bẹ́ẹ̀ ni owó dátà ṣe ń dín kù, tí ojú-ìwé sì ń tètè dé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti lágbára. Èyí kì í ṣe oore kékeré.

Ṣùgbọ́n omi ẹ̀gẹ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí ohun tí Opera Mini ń gé dànù lè wúlò. Àwòrán a máa ṣú. Fọ́ọ̀mù tí ó nílò ìṣirò lójú ẹsẹ̀ a máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Lẹ́tà tí ìkànnì fúnra rẹ̀ gbé wá kì í tẹ̀ lé e, èyí tí ó wà nínú fóònù nìkan ni a ó rí. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ́" tàbí "ọ̀" nínú Unicode; ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí àpótí kékeré níbi tí ó yẹ kí àmì wà, báwo ni yóò ṣe mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀?

Èyí tí ó wúwo jù ni ti àṣírí. Bí ènìyàn bá fẹ́ wo owó rẹ̀ ní báńkì, bí àrokò ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà rí láti orí fóònù dé báńkì. Ní ipò ìfúnpọ̀ yìí, ońṣẹ́ a tú àrokò náà lọ́nà, a sì tún un dì. Opera fúnra rẹ̀ ti gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn nígbà kan rí pé kí ó lo aṣàwákiri gidi.

Nítorí náà, "aṣàwákiri alárinà" ni ó bá ipò yìí mu jù. "Aṣojú" ti bá òṣèlú lọ jù, kò sì fi hàn pé ẹnìkan wà láàárín. Lórí fóònù Android, a lè yí ipò náà padà nínú ètò Opera Mini kí a tó ṣí ojú-ìwé báńkì.